Egungun ojúgun hàn síta lẹ́yìn ìjàǹbá ọ̀kadà: ṣé graft ni àbí flap?

DókítàÌgbèríko:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ aláìsàn kan ni mo gbé wá síbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i.

Ọkùnrin ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ọkọ̀ kọlu ọ̀kadà tó gùn, egungun ojúgun òsì ṣẹ́, ó sì gún awọ jáde. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Ó ti wọ tíátà lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n lè gé ẹran tó ti kú kúrò, external fixator (irin tí a fi pín dè mọ́ egungun láti ìta) ló sì di egungun náà mú. Ojú ọgbẹ́ wà níwájú ẹsẹ̀, ní ìdá kan nínú mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀. Ó gùn tó 9 cm, ó fẹ̀ tó 6 cm. Láàárín rẹ̀, egungun hàn gbangba, bíi 5 cm sí 3 cm. Ó funfun, ó gbẹ, awọ tín-ín-rín tó máa ń bo egungun ti bó kúrò lára rẹ̀. Etí ọgbẹ́ ti ń pọ́n, ẹran tuntun ti ń hù níbẹ̀. Kò rùn, omi díẹ̀ ló ń sun. Ẹ̀jẹ̀ ń lù dáadáa lórí ẹsẹ̀ àti lẹ́yìn kókósẹ̀ inú. PCV rẹ̀ (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa) jẹ́ 27%, genotype AA, kò ní àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n ó ń fa sìgá.

Ọ̀gá kan ní ká máa wẹ̀ ẹ́ lọ, pé tó bá yá ẹran á hù bo egungun náà, ká wá lẹ awọ tí a fá láti itan mọ́ ọn, ìyẹn graft. Òmíràn ní flap nìkan, ìyẹn awọ tàbí ẹran tí a gbé wá pẹ̀lú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ, ló lè gbà á. A ò ní máíkíróskópù, a ò sì ní ẹni tó lè so iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ pọ̀. Ẹbí rẹ̀ ò ní owó tí wọ́n á fi gbé e lọ sí UCH tàbí Igbóbì báyìí, àwọn kan nínú wọn sì ti ń sọ pé kí wọ́n kúkú gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun. Hydrogen peroxide àti oyin ni wọ́n fi ń wẹ ọgbẹ́ náà ní wọ́ọ̀dù. Kí ni kí a ṣe?


AláwọTuntun:

Dókítà, ẹ ṣeun tí ẹ wọn ọgbẹ́ náà kí ẹ tó béèrè, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wọ̀n ọ́n. Graft ò lè mú lórí egungun yẹn, dídúró náà ò sì ní ṣe é láǹfààní. Flap ni.

Ìdí rẹ̀ rèé. Awọ tí a bá fá láti itan kì í bá iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan wá. Láàárín wákàtí 24 sí 48 àkọ́kọ́, omi tó ń sun láti ojú ọgbẹ́ nìkan ló ń mu. Ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta ni ẹnu iṣan ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kan ti ojú ọgbẹ́, ó sì di ọjọ́ karùn-ún sí ìkeje kí ẹ̀jẹ̀ tó máa lọ máa bọ̀ nínú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ohun tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Ẹran lè bọ́ ọ, ẹran tuntun pupa lè bọ́ ọ, awọ tín-ín-rín orí egungun tàbí èyí tó bo tẹ́ńdọ̀n (okùn tó so ẹran mọ́ egungun) náà lè bọ́ ọ. Egungun tó wà níhòòhò kò lè bọ́ nǹkan kan, tẹ́ńdọ̀n tó ti bó kò lè ṣe é, irin náà kò lè ṣe é. Tí ẹ bá lẹ graft bo gbogbo ojú ọgbẹ́ yẹn, etí á mú, àárín á dúdú, ẹ ó sì tún padà síbi tí ẹ wà báyìí, ọgbẹ́ tuntun á sì ti wà ní itan pẹ̀lú.

Ní ti dídúró: ẹran tuntun lè hù bo egungun tí ibi tó ṣí lára rẹ̀ ò ju 1 sí 2 cm lọ, pàápàá lára ọmọdé. Ti 5 cm yàtọ̀. Egungun tó bá gbẹ ń kú lọ ni, egungun tó kú ni kòkòrò sì ń fi ṣe ilé. Marko Godina ní Ljubljana kó iṣẹ́ tó ṣe lára aláìsàn 532 jọ, ó sì gbé e jáde ní 1986. Àwọn tí wọ́n fi free flap (flap tí a gé kúrò pátápátá, tí a sì tún so iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ níbòmíràn) bo ọgbẹ́ wọn kí wákàtí 72 tó pé, flap tó kú lára wọn kò tó 1%. Àwọn tí wọ́n bò láàárín wákàtí 72 sí oṣù mẹ́ta, flap tó kú jẹ́ 12%, kòkòrò sì wọ ọgbẹ́ àwọn 17.5%. Òótọ́ ni pé ẹ ti kọjá wákàtí 72. Ìyẹn kò ní kí ẹ dúró di oṣù kẹta o. Ohun tó ń sọ fún yín ni pé ìgbà tí ẹ bá tún wọ tíátà, kí ìfọ̀mọ́ náà jẹ́ ìfọ̀mọ́ gidi, kí bíbò tẹ̀ lé e kíá.

Ibi tí ọgbẹ́ wà lára ojúgun ló ń sọ ibi tí a ó ti mú ohun tí a ó fi bò ó. Tó bá jẹ́ òkè, nítòsí orúnkún, orí inú gastrocnemius, ẹran ẹ̀yìn ojúgun, ni. Iṣan àlọ (èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá) kan tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn orúnkún ló ń bọ́ ọ, èèyàn á gé e nísàlẹ̀, á yí i wá síwájú, á sì lẹ graft lé e lórí. Tó bá jẹ́ àárín, soleus, ẹran tó wà lábẹ́ gastrocnemius, ni, àmọ́ ẹ má gbára lé e jù: ẹ̀gbẹ́ egungun gan-an ló wà, ohun tó fọ́ egungun lè ti fọ́ òun náà. Ìsàlẹ̀ ni wàhálà wà. Níbẹ̀, ẹran ti di tẹ́ńdọ̀n, awọ há, kò sí nǹkan tí a lè fà wá láti ẹ̀gbẹ́. Níbi tí máíkíróskópù wà, free flap ni wọ́n máa ń ṣe. Wọ́n á gé ẹran láti ẹ̀yìn tàbí awọ láti itan pẹ̀lú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì fi òwú 8-0 tàbí 9-0 so iṣan náà mọ́ ti ẹsẹ̀.

Níbi tí ìyẹn ò sí, mẹ́ta ló kù. Propeller flap, awọ ẹ̀gbẹ́ ọgbẹ́ tí a yí wá bò ó, dára, ṣùgbọ́n perforator (iṣan ẹ̀jẹ̀ kékeré tó ń jáde wá bọ́ awọ) kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́. Ẹ ní láti tú iṣan yẹn sílẹ̀ tó 2 sí 3 cm kó má baà lọ́ pọ̀ nígbà tí ẹ bá yí flap náà 180°, iṣan àbọ̀ (èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà) ló sì máa ń kọ́kọ́ pa pọ̀ torí ara rẹ̀ rọ̀. Láìsí Doppler (ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ ohùn ẹ̀jẹ̀) àti lẹ́ńsì tó ń mú nǹkan tóbi lójú, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Cross-leg flap, tí Hamilton ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1854, wà síbẹ̀: ara ẹsẹ̀ kejì ni flap ti ń wá, ẹ ó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó gé e. Ọ̀dọ́ lè fara dà á, àgbàlagbà ò lè fara dà á, oríkèé á gan. Fún aláìsàn yín, reverse sural flap, awọ ẹ̀yìn ojúgun tí a yí wá sísàlẹ̀, ni màá yàn.

Ẹ gbé hydrogen peroxide yẹn sọnù. Ó ń pa ẹran tuntun tí ẹ ń dúró dè. Omi iyọ̀ tó mọ́ tó. Oyin kò burú fún etí ọgbẹ́, ṣùgbọ́n kò lè jí egungun tó ti kú.


ATojúgun:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ AláwọTuntun, àmọ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ nípa flap rárá, egungun tí ẹ ní ó funfun, ó gbẹ yẹn ń fẹ́ ìdáhùn. Flap tó dára bí kí ló dára, tí ẹ bá fi bo egungun tó ti kú, ọyún á wá ihò gbà jáde lábẹ́ rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀.

Ní tíátà, ẹ fi ṣísẹ́lì tàbí báà tó ń yí há egungun náà díẹ̀díẹ̀, ẹ máa da omi iyọ̀ sí i kó má baà gbóná. Tí ẹ bá rí àmì ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó ń tò wẹ́wẹ́ jáde, egungun ààyè lẹ dé yẹn, ẹ dúró. Tó bá ṣì funfun bí ẹ̀fun, ẹ máa bá a lọ. Fún ẹran, nǹkan mẹ́rin lẹ ó wò: àwọ̀ rẹ̀, bó ṣe le tàbí rọ̀ tó lọ́wọ́, ṣé ó ń fò tí ẹ bá fi fọ́sẹ́ẹ̀pù pọn ọ́n, ṣé ó ń ṣẹ̀jẹ̀ tí ẹ bá gé e. Èyí tó bá kùnà, ẹ gé e kúrò. Lẹ́yìn náà, omi iyọ̀ lítà mẹ́sàn-án fún irú ọgbẹ́ yìí, kó máa ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́, kì í ṣe kó máa tú jáde pẹ̀lú agbára. Agbára á ti ìdọ̀tí wọ inú ẹran. Ẹ mú egungun àti ẹran díẹ̀ láti inú ibẹ̀ lọ sí láàbù lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ tán. Èyí tí ẹ bá fi òwú nù lórí ọgbẹ́ kò sọ òtítọ́, kòkòrò orí awọ ló máa ń kó. Ìdáhùn láàbù yẹn ni kó yan ògùn apakòkòrò. Tí wọ́n bá rí i pé kòkòrò ti wọ egungun, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ògùn náà.

Ẹ wo fọ́tò X-ray dáadáa fún fibula, egungun tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta. Reverse sural flap ń jẹun láti ara perforator tó ń bọ̀ láti iṣan àlọ peroneal, èyí tó wà ní nǹkan bí 5 cm sókè orí kókósẹ̀ ìta. Tí fibula bá ṣẹ́ síbẹ̀ gan-an, tàbí tí awọ ibẹ̀ bó, iṣan yẹn lè ti já. Ẹ fi Doppler ọlọ́wọ́ wá a, 8 MHz. Tí ẹ kò bá gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ wá ọ̀nà míì.

Fixator náà ńkọ́? Ọ̀pá rẹ̀ tó bá gba ibi tí flap máa gbà kọjá, ẹ tú u kí ẹ gbé e síbòmíràn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá ń wọ̀ ọ́n fún ọjọ́ iwájú, ẹ jẹ́ kí ẹni tó máa ṣe flap fọwọ́ sí ibi tí pín máa gbà wọlé. Mélòó nínú wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Fún ẹbí: ẹ ṣàlàyé fún wọn láì bú ẹnikẹ́ni. Igi tí àwọn tó ń to eegun máa dì mọ́ ẹsẹ̀ á fún iṣan àbọ̀ pa, ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń lù nínú rẹ̀ lónìí lè di gígé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ fi egungun yẹn han olórí ẹbí pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, ó máa ń yé wọn ju ọ̀rọ̀ lọ.


DókítàÌgbèríko:

Ẹ ṣé gan-an ni. Fibula ṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkè ni, nítòsí orúnkún. A rí Doppler yá ní wọ́ọ̀dù aláboyún, mo sì gbọ́ ohùn ẹ̀jẹ̀ níbi tí ẹ sọ. Ọ̀gá wa kan ti bá wọn ṣe sural rí, ó ní òun á dúró tì wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á sílẹ̀ fún mi, àti bí a ṣe lè fi fóòmù àti ẹ̀rọ suction (èyí tó ń fa omi) tọ́jú ọgbẹ́ náà di ọjọ́ yẹn.


AláwọTuntun:

Wọ́ọ̀dù aláboyún kẹ̀! Kò burú, ìdí tí wọ́n fi rà á kọ́ nìyẹn, àmọ́ ó ṣiṣẹ́ fún yín.

Fóòmù kọ́kọ́. Ẹ gé fóòmù tó mọ́, èyí tó ní ojú wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, kó bá ojú ọgbẹ́ mu gẹ́lẹ́, kó má gun orí awọ tó dára. Ẹ sè é nínú autoclave (ẹ̀rọ tó ń fi ooru pa kòkòrò). Ẹ fi gọ́ọ̀sì tó ní Vaseline bo egungun àti tẹ́ńdọ̀n kí fóòmù tó kàn án. Ẹ ki rọ́bà suction 14 tàbí 16 tí ẹ ti gé ihò sí lára sínú fóòmù náà, ẹ fi awọ rọ́bà alálẹ̀mọ́ bo gbogbo rẹ̀ kó kọjá etí ọgbẹ́ ní 5 cm, ẹ sì so ó mọ́ ẹ̀rọ ní 125 mmHg. Fóòmù gbọ́dọ̀ sún kì bí ọsàn gbígbẹ. Tí kò bá sún kì, afẹ́fẹ́ ń jò níbì kan, ibi ìdí rọ́bà ló sì sábà máa ń jẹ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní wákàtí 48 sí 72. Ohun tó ń ba èyí jẹ́ lọ́dọ̀ wa ni iná. Tí iná bá lọ tí suction dúró ju wákàtí méjì lọ, ẹ yọ gbogbo rẹ̀, ẹ fi gọ́ọ̀sì tútù dì í, torí omi ọgbẹ́ tó dúró sójú kan lábẹ́ rọ́bà á di ọbẹ̀ kòkòrò. Ẹ má fi fóòmù sórí ẹran tó ti kú, ẹ má sì fi sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ya. Ọjọ́ díẹ̀ ló ń rà fún yín, kò lè gba ipò flap.

Ó di tíátà. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tó. Aláìsàn á dojú bolẹ̀, tàbí kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó fún tọ́nìkẹ́ẹ̀tì (ìdè tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró), ẹ má fi rọ́bà fún ẹ̀jẹ̀ jáde tán, kí iṣan àbọ̀ lè hàn sí yín.

Ẹ fa ìlà láti àárín ẹ̀yìn orúnkún wá sí àárín tẹ́ńdọ̀n gìgísẹ̀ àti kókósẹ̀ ìta. Ìlà yẹn ni ọ̀nà tí sural nerve (iṣan tí ẹsẹ̀ fi ń mọ nǹkan lára) àti iṣan àbọ̀ short saphenous ń gbà. Ẹ sàmì sí 5 cm lókè orí kókósẹ̀ ìta: ibẹ̀ ni flap ti máa yí, ẹ ò gbọdọ̀ gé kọjá rẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹ fi bébà ìbọ̀wọ́ gé àwòrán ọgbẹ́ lẹ́yìn tí ìfọ̀mọ́ bá ti parí, kì í ṣe ṣáájú, torí ọgbẹ́ á ti tóbi sí i. Ẹ fi 1 cm kún un yíká. Ẹ wọn gígùn láti ibi yíyí dé etí ọgbẹ́, ẹ fi 1 sí 2 cm kún ìyẹn náà, ẹ wá yí bébà náà sókè sórí ìlà. Ibi tó bá bọ́ sí lẹ̀yìn ojúgun ni ẹ ó ti gé awọ. Tó bá ti gòkè wọ ìdá kan nínú mẹ́ta òkè, ewu bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ kì í sábà dé etí rẹ̀ dáadáa.

Òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Ẹ gé wọ inú títí kan fascia (awọ líle tó bo ẹran), ẹ wá sural nerve àti iṣan àbọ̀ náà láàárín orí méjèèjì gastrocnemius, ẹ dì wọ́n, ẹ gé wọn, kí wọ́n bá flap lọ. Ẹ gbé e lábẹ́ fascia. Kíá, kí ẹ fi òwú 4-0 rán fascia mọ́ etí awọ ní ibi mẹ́rin sí mẹ́fà kí méjèèjì má baà yọ̀ lórí ara wọn, torí àárín wọn ni iṣan wẹ́wẹ́ wà. Ìdí flap, apá tó máa gbé ẹ̀jẹ̀ wá, gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó 3 sí 4 cm, kó ní fascia, ọ̀rá, nerve àti iṣan àbọ̀ nínú. Ẹ má jẹ́ kó tẹ́ẹ́rẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí pé ẹ fẹ́ kó rọrùn láti yí. Mo máa ń fẹ́ kí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lórí ìdí náà, ó ń dín fífún kù.

Tí ẹ bá dé ibi yíyí, ẹ tú tọ́nìkẹ́ẹ̀tì, ẹ fi gọ́ọ̀sì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bò ó, ẹ dúró ìṣẹ́jú 10 sí 15. Etí flap gbọ́dọ̀ máa ṣẹ̀jẹ̀ pupa. Tí kò bá ṣẹ̀jẹ̀ rárá, ẹ dá a padà síbi tó ti wá, ẹ rán an, ẹ gbé e lọ́jọ́ keje. Ìyẹn sàn ju kí ẹ yí i kó kú lọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù: gbígba ìdí flap kọjá lábẹ́ awọ nínú ihò tóóró. Lálẹ́ ọjọ́ kejì tí ara bá wú, awọ náà á tẹ iṣan àbọ̀ pa. Ẹ la awọ tó wà láàárín, ẹ tẹ́ ìdí flap síbẹ̀, ẹ fi graft bo ìdí náà. Rírán kó má le. Òwú tó jìnnà síra tó. Ibi tí ẹ ti gbé flap, tó bá ju 4 cm lọ ní fífẹ̀, ẹ má fi ipá fà á pa pọ̀, ẹ lẹ graft sí i. Ẹ sọ fún aláìsàn ṣáájú pé ẹ̀gbẹ́ ìta ẹsẹ̀ rẹ̀ á kú tipiri, kò ní mọ nǹkan lára níbẹ̀ mọ́.

Sìgá: lónìí ni kó jáwọ́, àti aáṣáà, títí ọgbẹ́ á fi jinná. Nicotine ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹni ọgọ́ta ọdún tó ní àtọ̀gbẹ ni, màá ní kí ẹ gé flap yíká lọ́jọ́ ìfọ̀mọ́ kí ẹ dá a padà, kí ẹ wá yí i lẹ́yìn ọjọ́ méje. Fún ọ̀dọ́ yìí, mi ò ní dúró. Ẹ gbé PCV dé 30% ṣáájú.


NọọsìWọ́ọ̀dùKẹta:

Ẹ̀yin dókítà, ẹ ṣeun, àmọ́ lẹ́yìn tíátà ọwọ́ wa ló ń bọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń bọ́ sọnù.

Wákàtí kọ̀ọ̀kan ni ká wò ó fún wákàtí 24 àkọ́kọ́, wákàtí méjì méjì lọ́jọ́ kejì, mẹ́rin mẹ́rin lẹ́yìn náà. Ẹni tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ àti ẹni tó ń gba iṣẹ́ jọ wò ó pa pọ̀, kí àwọ̀ tí ẹnì kìíní rí má yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì. Ẹ fi fèrèsé kékeré sílẹ̀ nínú báńdéèjì, tó 3 cm, ní ṣónṣó flap, ibi tó jìnnà jù sí ìdí rẹ̀.

Ìwé máa ń ní ká wo bóyá ó pọ́n tàbí ó di búlúù. Lára awọ dúdú, ìyẹn ò rọrùn. Ohun tó ń ràn wá lọ́wọ́ rèé: ẹ fi ẹ̀yìn ìka kan flap, kí ẹ kan awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, flap tó tutù ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ kò dára. Ẹ tẹ̀ ẹ́: tó bá rọ̀ jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀, ẹ̀jẹ̀ ò wọlé, tó bá le tó ń dán, ẹ̀jẹ̀ ò jáde. Ìléròrò dúdú lórí rẹ̀ jẹ́ àmì iṣan àbọ̀. Tí ọkàn bá ń ṣiyèméjì, kí dókítà fi abẹ́rẹ́ 23G gún un jìnnà sí ìdí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ pupa láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó dára. Ẹ̀jẹ̀ dúdú tó yára ya jáde, iṣan àbọ̀ ti há. Kò sí ẹ̀jẹ̀, iṣan àlọ ni.

Tí iṣan àbọ̀ bá há, ẹ má dúró de ọ̀gá kí ẹ tó gé báńdéèjì. Ẹ gé e dé awọ, títí kan òwú gbígbẹ tó ti ẹ̀jẹ̀ di páálí, òun ló máa ń fún jù. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè sí i. Ẹ pe dókítà kó yọ òwú ìránṣọ méjì mẹ́ta lójú ibi tó há, kó wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ dídì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá rí i kíá, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń yè.

Ẹ má jẹ́ kó fi ẹ̀yìn ẹsẹ̀ sùn lórí flap o. Ẹ fi okùn gbé fixator kọ́ kí ojúgun má kan bẹ́ẹ̀dì rárá. Ìrọ̀rí tí ẹ bá tì sábẹ́ rẹ̀ máa ń yọ́ lóru.


DókítàÌgbèríko:

Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Ìbéèrè kan tó kù: fún graft tí a ó fi bo ìdí flap àti ibi tí a ti gbé e, báwo ni kí awọ náà ṣe nípọn tó? Èyí tí a ṣe gbẹ̀yìn lára ẹlòmíràn, ìdajì rẹ̀ ló mú.


AláwọTuntun:

0.3 mm tó. Tó bá jẹ́ ọ̀bẹ Humby tí a fi ń fá awọ, ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wo àlàfo rẹ̀. Ẹnu bléèdì 15 gbọ́dọ̀ fún díẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́. Awọ tó bá jáde gbọ́dọ̀ hàn kedere díẹ̀, ojú itan á sì máa ṣẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́. Tí ẹ bá rí ọ̀rá, ó ti jìn jù. Ẹ fi omi iyọ̀ 500 ml tí adrenaline 1 mg wà nínú rẹ̀ wú abẹ́ awọ itan ṣáájú, ojú á tẹ́jú, ẹ̀jẹ̀ á sì dín kù.

Ìdajì tó kú yẹn, ohun mẹ́ta ni mo fura sí: ẹ̀jẹ̀ dídì lábẹ́ rẹ̀, yíyọ̀ rẹ̀ lórí ọgbẹ́, tàbí kòkòrò Streptococcus. Ẹ fi bléèdì gún un kéékèèké tàbí kí ẹ lo mesh 1:1.5 (ẹ̀rọ tó ń gé awọ bí àwọ̀n), kí omi lè rí ọ̀nà jáde. Ẹ so òwú lé e lórí kó má sún. Ẹ má ṣí i kó tó di ọjọ́ karùn-ún, àyàfi tó bá ń rùn tàbí tí ibà dé. Tí láàbù bá rí Streptococcus oníbẹ́tà lójú ọgbẹ́, kò sí graft lọ́sẹ̀ yẹn, ó máa ń jẹ ẹ́ tán. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ ká a sínú gọ́ọ̀sì tó tutù, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì ní 4 °C, ó ṣì dára fún ọjọ́ 14.

Itan: tulle (gọ́ọ̀sì ọlọ́ràá), gọ́ọ̀sì, báńdéèjì, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ 10 sí 14. Tó bá rin, ìpele òde nìkan ni kí ẹ pààrọ̀. Nọ́ọ̀sì tó bá bó o lọ́jọ́ kẹta ń bó awọ tuntun ni.


FísíòOrúnkún:

Kí ẹ tó ti ìjíròrò yìí: láti ọjọ́ kìíní ni kí ọrùn ẹsẹ̀ wà ní 90°, ẹ so ó mọ́ fixator. Tí ẹ bá gbàgbé, tẹ́ńdọ̀n gìgísẹ̀ á kúrú, aláìsàn tí ọgbẹ́ rẹ̀ ti jinná á máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn.

Ẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ṣáájú ọjọ́ kẹwàá. Tó bá tó àkókò, ẹ fi báńdéèjì onírọ́bà dì í láti ọmọ ìka sókè, má fún un le lórí flap, kó sọ ọ́ kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Lójoojúmọ́, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un. Tí flap bá dúdú tàbí tó wú, ẹ gbé e sókè, ẹ padà sí iye ti àná. Títẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ wà lọ́wọ́ egungun, kì í ṣe lọ́wọ́ awọ, ATojúgun ló máa sọ ìyẹn.

Oúnjẹ: ẹni tó wúwo tó 60 kg nílò nǹkan bíi gíráàmù 90 purotéènì lóòjọ́. Ẹyin kan kò ju gíráàmù mẹ́fà lọ, nítorí náà gàrí àti ẹyin kan kò lè gbé e dé ibẹ̀. Ẹ ní kí ẹbí máa gbé ẹ̀wà, ẹja, mọ́ínmọ́ín àti wàrà sójà wá.

Graft kì í làágùn, kò sì ní ọ̀rá tirẹ̀, torí ẹ ò gbé kòtò òógùn àti ti ọ̀rá wá pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí gbogbo ojú rẹ̀ bá ti pa dé, kó máa fi òrí tó mọ́ pa á lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kó máa fi ìka tẹ̀ ẹ́ yíká fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó sì fi aṣọ bò ó kúrò lójú oòrùn.